Tó bá já, kí ló kù? Àlàyé lórí yíyí sítíárìn jíìpù tó ń wọ igbó padà

Láti ìparí ọdún 2023 tí Tesla ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó Cybertruck fún àwọn tó rà á, ìbéèrè kan kò kúrò lẹ́nu àwọn tó ń tún jíìpù ṣe fún ìrìn òkúta àti ẹrẹ̀. Ọkọ̀ Tesla yẹn kò ní irin kankan tó so ìtọ́kọ̀ mọ́ táyà. Wáyà àti mọ́tò iná ló ń jíṣẹ́ láàárín wọn. Síbẹ̀ ó ń rìn lójú títì. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ẹni tó yọ irin sítíárìn jíìpù rẹ̀, tó fi họ́ọ̀sì ọ́ìlì rọ́pò rẹ̀, ni wọ́n ń sọ fún pé inú igbó nìkan ni kó ti máa wà á? Ṣé torí orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá ni?

Kì í ṣe orúkọ. Ẹni tó tún ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe a máa fọwọ́ sọ̀yà pé irin tí òun fi sí i nípọn ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí irin ṣe nípọn tó kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́ ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé, lọ́jọ́ tí nǹkan kan bá já níbẹ̀, kí ló kù lọ́wọ́ awakọ̀, ta ló sì ti dán an wò? Tí ẹ bá di ìbéèrè yìí mú, púpọ̀ nínú ohun tó ń dàrú mọ́ni lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí yóò yé yín.

## Kí la ń pè ní sítíárìn gan-an?

Ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni ìtọ́kọ̀ róbótó tó wà níwájú awakọ̀. Ṣáfútì kan ti ìdí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àpótí sítíárìn tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Apá irin kan yọ sábẹ́ àpótí náà, òun ni pitman arm. Bí awakọ̀ bá ṣe ń yí ìtọ́kọ̀ ni apá yìí ń jù sọ́tùn-ún, sósì. Ọ̀pá gígùn tó gba agbára yẹn lọ sí ẹsẹ̀ táyà kan ni drag link. Knuckle ni orúnkún irin tó gbé táyà dúró, tó sì ń jẹ́ kó yà. Ọ̀pá kejì, tie rod, so orúnkún ọ̀tún mọ́ ti òsì kí táyà méjèèjì lè kọjú síbì kan náà. Pọ́ǹpù ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń yí, tàbí mọ́tò iná nínú ọkọ̀ tuntun, ló ń bá awakọ̀ fọwọ́ kún un.

Ẹ fi wé àwọn èèyàn tó tò ní ìlà, tí wọ́n ń gba korobá omi lọ́wọ́ ara wọn láti pa iná. Ẹni tó lágbára jù láàárín wọn kò ṣe nǹkan kan fún yín tí ẹnì kan bá jọ̀wọ́ korobá.

Jíìpù tó ní axle gbọọrọ kan níwájú, ìyẹn irin ńlá kan ṣoṣo tó gba abẹ́ ọkọ̀ láti táyà ọ̀tún dé ti òsì, ni àlàyé yìí dá lé jù, torí àwọn ni wọ́n ń fọwọ́ kan sítíárìn wọn jù. Ọkọ̀ tó ń lo rack, ìyẹn ọ̀pá eléyín tó ń rìn sọ́tùn-ún, sósì, kò ní àpótí àti pitman arm, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni yóò jẹ́.

## Kí ló dé tí gbígbé ọkọ̀ sókè fi ń da sítíárìn rú?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n fi sípíríǹgì gíga gbé ọkọ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 10 kí táyà ńlá lè ráyè. Ṣẹ́ẹ̀sì gòkè, àpótí sítíárìn bá a gòkè, ṣùgbọ́n axle kò kúrò níbi tó wà. Drag link tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú tẹ́lẹ̀ wá dagun bí àkàbà tó fara ti ògiri. Ẹ wo àkàbà bẹ́ẹ̀: ẹ ò lè sọ orí rẹ̀ kalẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sún síta. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ nìyẹn. Táyà gun òkúta, sípíríǹgì wọlé, ẹsẹ̀ drag link sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ti knuckle. Ọkọ̀ yà láìjẹ́ pé ọwọ́ kankan yí ìtọ́kọ̀. Bump steer ni wọ́n ń pè é.

Drag link nìkan kọ́ ni ẹ máa tún ṣe láti mú un kúrò. Ọ̀pá mìíràn wà nítòsí rẹ̀, track bar, tó so ṣẹ́ẹ̀sì mọ́ axle kí axle má baà máa rìn sọ́tùn-ún, sósì. Tí drag link àti track bar bá dagun bákan náà, tí gígùn wọn sì súnmọ́ra, wọ́n á jọ máa jù pọ̀. Bí axle bá sún díẹ̀, drag link á bá a sún, táyà kò ní mọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé wọ́n á ra pitman arm tó gùn wá sísàlẹ̀, drag link á tẹ́jú padà, inú oníjíìpù á dùn, ṣùgbọ́n track bar ṣì dagun bó ṣe wà. Ọ̀pá méjèèjì á wá máa bára wọn jà, ọkọ̀ á sì burú ju bó ṣe wà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá sọ pitman arm kalẹ̀, ẹ sọ ojú ìdè track bar tó wà lára ṣẹ́ẹ̀sì kalẹ̀ pẹ̀lú. Tí ẹ bá sì gbé drag link lọ sórí knuckle, ẹ gbé ojú ìdè track bar tó wà lára axle sókè.

Pitman arm gígùn tún ní ẹrù tirẹ̀. Bí ibi tí drag link ti ń fà á bá ṣe jìnnà sí àpótí tó ni ó ṣe ń lọ́ ṣáfútì inú àpótí àti àwọn bóòtù tó dì í mú tó. Ẹ tan iná wo àyíká bóòtù wọ̀nyẹn lára ṣẹ́ẹ̀sì lóòrèkóòrè. Ìlà tín-ín-rín bí irun orí níbẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí. Irin ti ń sán.

Lẹ́yìn ìyẹn ni caster, ìyẹn bí orí knuckle ṣe fara sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ ti rí amúga iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere tó dà sẹ́yìn, tí ọmọdé fi lè jọ̀wọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí ó sì máa lọ tààrà. Iṣẹ́ kan náà ni caster ń ṣe fún ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ jíìpù aláxle gbọọrọ máa ń jáde ní ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú nǹkan bí dígírì 5 sí 7. Gbígbé ọkọ̀ sókè láìpààrọ̀ àwọn apá tó di axle mú á yí axle síwájú, caster á dínkù, ọkọ̀ á sì máa rìn gbéregbère lójú títì títí awakọ̀ ò fi ní sinmi títún ọwọ́ ṣe. Ẹ lè yí axle padà sẹ́yìn kí caster lè pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí caster bá ṣe ń pọ̀ sí i ni imú differential iwájú (àpótí jíà tó wà lára axle) ń dorí kodò, tí ìsopọ̀ ṣáfútì tó ń wa táyà iwájú á sì máa ká kọjá àyè rẹ̀. Ibi tí méjèèjì ti lè gbà fún ara wọn ni kí ẹ fi í sí, ó sì lè dínkù díẹ̀ sí ti ilé-iṣẹ́.

Ohun kékeré kan ló kù tí àwọn èèyàn máa ń fojú di. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sókè, ìtọ́kọ̀ á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà. Ẹ má ṣe yọ ìtọ́kọ̀ kí ẹ kàn tò ó padà. Drag link ni kí ẹ mú gùn tàbí kí ẹ mú kúrú nípa yíyí páìpù àtúnṣe rẹ̀. Ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ ìdènà-yíyọ̀ ní ohun kan lára ṣáfútì tó ń ka ibi tí ìtọ́kọ̀ kọjú sí. Tí ó bá ń kà á pé awakọ̀ ń yà sósì nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tààrà, ó lè fa bíréèkì táyà kan ṣoṣo lójijì.

## Ìgbọ̀nrìrì tó ń gba ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ ńkọ́?

Ọkọ̀ gun gegele kékeré kan lórí eré, iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jì pìtìpìtì, kò sì dáwọ́ dúró àfi tí ẹ bá dín eré kù pátápátá. Death wobble ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ á sáré lọ ra ṣọ́kù sítíárìn tuntun. Ṣọ́kù yẹn ń bo àìsàn ni, kò wò ó. Nǹkan kan ti yẹ̀: ihò bóòtù track bar ti fẹ̀, bùṣì rẹ̀ ti kú, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ti jẹ, tàbí táyà kò balance.

Bí ẹ ṣe máa rí i nìyí. Ẹ fi táyà sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ẹ fi ìdènà ti táyà ẹ̀yìn, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ọkọ̀ má sì wà nínú jíà, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnì kan máa yí ìtọ́kọ̀ díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì, kí ẹnì kejì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fojú wo oríkèé kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ìka kàn án, àmọ́ kó má ki ọwọ́ sí ibi tí irin méjì ti lè pàdé. Orí track bar kò gbọdọ̀ sún rárá nínú ìdè rẹ̀, ì báà ṣe ìwọ̀n èékánná. Ẹ má fi jáàkì gbé ọkọ̀ fún àyẹ̀wò yìí. Láìsí ìwúwo lórí táyà, oríkèé tó ti yẹ̀ lè díbọ́n pé ara òun le.

## Tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ ọ̀pá sí èyí tó nípọn?

Èyí ni àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu jù nínú gbogbo wọn, torí òkúta máa ń tẹ tie rod ilé-iṣẹ́ bí igi ọ̀pọ̀tọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é kù ni oríkèé, kì í ṣe ọ̀pá.

Bóòtù orí oríkèé tie rod kì í ṣe gbọọrọ bákan náà. Orí rẹ̀ tín-ín-rín ju ìdí lọ, ihò knuckle sì rí bẹ́ẹ̀ kí méjèèjì lè há mọ́ra. Tí ẹ bá fẹ́ gbé tie rod láti abẹ́ knuckle lọ sórí rẹ̀ kí òkúta má baà kàn án, ihò náà ti kọjú sí òdì. Ẹ kò gbọdọ̀ fi dírílì lásán fẹ̀ ẹ́. Irinṣẹ́ tó ní ìdagun kan náà pẹ̀lú bóòtù ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, tàbí kí wọ́n fi bùṣì onídagun sínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà aláwọ̀ aró kun bóòtù, ẹ tì í bọnú ihò, ẹ yọ ọ́: àwọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti kan ara ihò yíká. Tó bá jẹ́ etí nìkan ló kàn, bóòtù yóò máa mì níbẹ̀ títí yóò fi kán.

Nọ́ọ̀tì tó ní yàrà lórí ló ń di bóòtù yìí, pẹ̀lú pín-ìn-nì tó gba inú yàrà kọjá. Ẹ fi sípánà tó ń ka agbára dì í dé iye tí ẹni tó ṣe é kọ. Tí yàrà kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ihò, ẹ fún un sí i títí yóò fi ṣe déédéé. Ẹ má tú u padà láé. Pín-ìn-nì tuntun ni kí ẹ fi sí i nígbà gbogbo.

Àwọn kan fẹ́ràn oríkèé onírin gbangba, heim joint, tí kò ní rọ́bà bò ó. Ó lágbára, ó sì ń yí dáadáa, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ á tètè jẹ ẹ́, àwọn ibì kan kò sì gbà á lójú títì. Tí ẹ bá lò ó, ẹ jẹ́ kí irin di bóòtù rẹ̀ mú lókè àti nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló dì í mú, bóòtù á tẹ̀. Ẹ fi wáṣà tó fẹ̀ ju ojú oríkèé lọ sí i, kó lè jẹ́ pé bí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ bá tiẹ̀ já síta, ọ̀pá kò ní bọ́. Ẹ rí i? Ìbéèrè kan náà ni wáṣà kékeré yẹn ń dáhùn.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ wọn àlàfo láàárín iwájú táyà méjèèjì àti láàárín ẹ̀yìn wọn. Kí ti iwájú fi mìlímítà 1.5 sí 3 kéré sí ti ẹ̀yìn, àyàfi tí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ òmíràn.

## Kí ló dé tí wọ́n ní kí a má jó irin sítíárìn pọ̀?

Torí pé ilé-iṣẹ́ ti fi iná sè knuckle àti pitman arm kí wọ́n lè le níwọ̀n. Iná tí ẹ fi ń jó irin pọ̀ á ba ìwọ̀n yẹn jẹ́: ojú kan á rọ̀, ojú tó tẹ̀lé e á le gan-gan bí àwo. Àárín méjèèjì ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀pá tó tẹ̀ nínú igbó: ẹ lè nà án kí ó lè gbé yín délé díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni kí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí.

## Ọ́ìlì tó ń ranni lọ́wọ́ àti ọ́ìlì tó ń dá a ṣe: kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Ibí ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù, torí “hydraulic” ni wọ́n ń pe méjèèjì.

Ti àkọ́kọ́ fi gbogbo irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n kàn gbẹ́ ihò méjì sára àpótí sítíárìn, ọ́ìlì gba ibẹ̀ lọ sínú sílíńdà kan tó ń ti tie rod. Tí họ́ọ̀sì bá bẹ́, ìtọ́kọ̀ á wúwo, ṣùgbọ́n irin ṣì so ọwọ́ yín mọ́ táyà. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni gígùn sílíńdà. Kókó irin tó ń dá knuckle dúró ní òpin yíyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kàn kí ọ̀pá sílíńdà tó dé òpin tirẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sílíńdà ni yóò di ìdádúró, yóò sì fa ìdè ara rẹ̀ ya.

Ti èkejì kò ní àpótí, kò ní drag link. Fáàfù kan wà ní ìdí ìtọ́kọ̀ tó ń pín ọ́ìlì sọ́tùn-ún tàbí sósì, sílíńdà ńlá lórí axle ló ń ṣe ìyókù, bíi ti katakata oko. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Sílíńdà tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 63, tí ọ̀pá rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 38, tó sì ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà 20, yóò gba nǹkan bí cc 396 láti òpin dé òpin. Tí fáàfù yín bá ń tú cc 100 jáde ní yíyí kan, ẹ máa yí ìtọ́kọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Fáàfù kékeré jù, ẹ ó máa yí títí ọwọ́ á fi ro yín; èyí tó tóbi jù, ọkọ̀ á máa ta bí ẹṣin tí ẹ̀rù bà.

Lórí òkúta, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Lórí eré, ìtàn yàtọ̀. Ọ́ìlì máa ń yọ́ gba inú fáàfù, nítorí náà ìtọ́kọ̀ kì í dúró lójú kan. Ohun tó jẹ́ “tààrà” láàárọ̀ lè ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án. Táyà kì í sì í fúnra rẹ̀ padà sí tààrà lẹ́yìn kọ́nà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ lè fi agbára ọwọ́ ti ọ́ìlì díẹ̀, pẹ̀lú òógùn. Bí họ́ọ̀sì bá bẹ́, kò sí nǹkan kan tó kù.

Fún méjèèjì: ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ tó wà á. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ rọra yí ìtọ́kọ̀ láti òpin dé òpin bí ìgbà ogún, ẹ máa bu ọ́ìlì kún un. Ìgbà tí kò bá hó mọ́ ni kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ má sì fi ọwọ́ wá ibi tí họ́ọ̀sì ti ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì tó ń tú gba ihò abẹ́rẹ́ lè gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ á kéré, síbẹ̀ ilé ìwòsàn ni kí ẹni bẹ́ẹ̀ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Páálí ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

## Kí wá ni òfin wí?

Kò sí òfin kan ṣoṣo fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n wọ́n jọra ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Ìlànà 79 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń tẹ̀lé fún ọkọ̀ tuntun, sọ ọ́ ní nọ́ńbà. Ní kílómítà 10 láàárín wákàtí kan, ipá tí awakọ̀ ọkọ̀ akérò kékeré fi ń yí ìtọ́kọ̀ wọnú kọ́nà kò gbọdọ̀ ju Newton 150 lọ tí gbogbo nǹkan bá pé. Tí ìrànlọ́wọ́ bá kú, kò gbọdọ̀ ju Newton 300, ìyẹn bí ẹni gbé ẹrù kílógíráàmù 30. Ẹ kíyè sí i pé ìlànà náà ti ka ọjọ́ ìbàjẹ́ mọ́ ìdánwò. Ibẹ̀ ni ìdáhùn ọ̀rọ̀ Cybertruck wà: kì í ṣe irin ni wọ́n fi rọ́pò irin, ìlọ́po ni. Ohun tó ń ka ìtọ́kọ̀, mọ́tò tó ń yí táyà àti iná tó ń bọ́ wọn kì í ṣe ẹyọ kan, kí èkejì lè gbà á tí ọ̀kan bá kú. Họ́ọ̀sì kan sí sílíńdà kan kò ní ìkejì.

Ní Jámánì, abala 19 nínú StVZO, òfin ìyọ̀ǹda ọkọ̀ wọn, sọ pé ìyọ̀ǹda ọkọ̀ á parẹ́ tí wọ́n bá yí i padà lọ́nà tó ṣeé ṣe kó fi àwọn tó ń lo títì sínú ewu. Nítorí náà ni wọ́n fi ń bèèrè ìwé tó bá ẹ̀yà ara ọkọ̀ jáde. Tí kò bá sí, ẹni tó láṣẹ gbọ́dọ̀ yẹ ọkọ̀ náà wò ní tirẹ̀. Ní Ọsirélíà, VSB 14, ìwé ìlànà lórí àtúnṣe ọkọ̀, ló to àtúnṣe tí ẹ lè dá ṣe àti èyí tó nílò ẹ̀rí ẹ̀ńjíníà lẹ́sẹẹsẹ.

Amẹ́ríkà ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Òfin àpapọ̀ níbẹ̀, 49 U.S.C. 30122, dè é fún ilé-iṣẹ́, oníṣòwò ọkọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe pé wọn kò gbọdọ̀ sọ ohun ààbò tí ọkọ̀ bá jáde di aláìṣiṣẹ́. Òfin yẹn kò ka ẹni tó ni ọkọ̀ mọ́ wọn. Làwọn kan bá gbà pé àwọn lè ṣe ohun tó wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin ojú títì tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí ẹ bá gbé e lọ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ iṣẹ́ náà.

Ṣáfútì tó ti abẹ́ ìtọ́kọ̀ lọ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ṣe é kó lè wọnú ara rẹ̀ nígbà ìjàǹbá. FMVSS 204, ọ̀kan nínú ìlànà ààbò ọkọ̀ Amẹ́ríkà, kò fẹ́ kí ìtọ́kọ̀ fi ju mìlímítà 127 rìn sẹ́yìn sí àyà awakọ̀ nínú ìkọlù kílómítà 48 láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá fi irin gbọọrọ kan rọ́pò ṣáfútì yẹn ti fi ọ̀kọ̀ sí àyà ara rẹ̀. Bákan náà ni ìtọ́kọ̀ kékeré tí wọ́n fi rọ́pò èyí tó ní airbag: ó rọrùn láti fi sí i, ó sì ṣòro láti ṣàlàyé fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò.

## Kí ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó gbé e jáde?

Ẹ kọ̀wé sí adójútòfò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba èsì tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, nọ́ńbà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan àti fọ́tò ojú ibi tí wọ́n ti jó irin. Ẹ má ta ẹ̀yà àtijọ́ títí àyẹ̀wò á fi kọjá. Ọkọ̀ tó jẹ́ ọ́ìlì nìkan ló ń darí rẹ̀, tírélà ni kó gùn dé ẹnu igbó.

Lẹ́yìn nǹkan bí kílómítà 80 àkọ́kọ́, ẹ fi sípánà yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò. Kí iṣẹ́ náà lè rọrùn lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan bọ́ sára irin tó jókòó lé. Lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i: níbi tí ìlà bá ti pín sí méjì, nọ́ọ̀tì yẹn ti yí.